Kí Ló Dé Tí Ọ̀bẹ Àpò Yìí Kò Ṣe É Ṣí?

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kéré lójú, ohun tó ń gbé inú àpò ṣòkòtò ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ló gbé e dé iwájú wa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ìyá kan ní àdúgbò wa fa ọmọkùnrin rẹ̀ wọlé tọ̀ wá wá. Ọmọ ọdún 11 ni. Wọ́n ti fi àkísà wé àtàǹpàkò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin àkísà náà gbingbin. Ọ̀bẹ àpò tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó fẹ́ ṣí láti fi bó ọsàn. Ó fi èékánná fà á, kò ṣí. Ó fi eyín fà á, kò ṣí. Ló bá ki ìdí síbí bọ abẹ́ irin ọ̀bẹ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í sókè. Irin ọ̀bẹ ti fẹ́ yọ tán nígbà tí síbí yẹ̀. Ni ọ̀bẹ bá padà dé pákáá, ó sì bá àtàǹpàkò ọmọ lẹ́nu ọ̀nà.

A dúpẹ́ pé ojú ọgbẹ́ náà kò jìn. A fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, a sì dì í. Bí a ti ń dì í lọ́wọ́ ni ìyá rẹ̀ na ọ̀bẹ náà sí wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ju nǹkan yìí sí ṣáláńgá. Ọ̀bẹ burúkú ni. Ó ti ń ṣe wá bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí bàbá ti kú."

A gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò jù ú sí ṣáláńgá. A gbé e sórí tábìlì, a tan iná sí i, a sì wò ó dáadáa. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ló mú wa pinnu láti kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó dá wa lójú pé irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ ilé, nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì tàbí nínú àpótí irinṣẹ́ bàbá.

Kí a tó sọ ohun tí a rí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọ̀bẹ àpò ṣe ń ṣí ná. Púpọ̀ nínú wa ló mọ ọ̀bẹ pupa kékeré tí wọ́n fi àgbélébùú funfun sí lára, èyí tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Switzerland. Ọ̀gbẹ́ni Karl Elsener ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Ibach ní ọdún 1884. Ní ọdún 1891 ó kó ọ̀bẹ fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1897, ó fi orúkọ ọ̀bẹ tuntun kan sílẹ̀ lábẹ́ òfin, èyí tó ṣe fún àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ ogun. Nígbà tí ìyá rẹ̀, Victoria, di olóògbé ní ọdún 1909, ó sọ iṣẹ́ náà ní orúkọ ìyá rẹ̀, láti ibẹ̀ sì ni orúkọ Victorinox ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ ò rí ọmọ bí!

Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Sípíríǹgì rẹ̀ nìyẹn. Ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀bẹ ọdún 1897 yẹn ni pé sípíríǹgì 2 péré ló ń ṣiṣẹ́ fún irinṣẹ́ 6, nítorí pé ìpẹ̀kun méjèèjì sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wo ni sípíríǹgì ń ṣe? Ó ń tẹ ìdí irin ọ̀bẹ nígbà gbogbo. Ìdí irin yìí, níbi tí ìṣó gbà kọjá, kì í rí roboto. Wọ́n gbẹ́ ẹ ní apá títẹ́jú, wọ́n sì fi igun sí àárín apá kan àti ìkejì. Nígbà tí ọ̀bẹ bá wà ní pípadé, orí apá títẹ́jú kan ni sípíríǹgì jókòó sí, ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ kì í fi í ṣí fúnra rẹ̀ nínú àpò. Bí a bá wá ń ṣí i, igun náà ní láti ti sípíríǹgì sókè kí ó tó ráyè kọjá. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń mọ̀ pé ó le. Bí igun bá ti kọjá tán, sípíríǹgì á já sórí apá kejì, ọ̀bẹ á sì dún "kà!" Ó ti ṣí nìyẹn.

Ẹ fi ọkàn bá wa lọ níbí yìí, nítorí ibi tí ọmọ yẹn ti ṣèṣe gan-an ni. Títí igun yóò fi kọjá, ọ̀dọ̀ pípadé ni sípíríǹgì ń fa irin ọ̀bẹ sí. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, sípíríǹgì á fà á padà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ mìíràn fi máa ń fi apá títẹ́jú kan kún un ní agbedeméjì, kí ọ̀bẹ lè dúró díẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó padé, kí ìka sì ráyè sá. Ọ̀bẹ ti bàbá yẹn kò ní irú rẹ̀.

Ọ̀bẹ tó ń ṣí wẹ́rẹ́ kò túmọ̀ sí pé sípíríǹgì rẹ̀ kò lágbára. Ìpẹ̀kun sípíríǹgì àti ìdí irin ni wọ́n dán dáadáa, tó fi jẹ́ pé ọ̀kan ń yọ̀ lórí èkejì láìha á. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ ata lórí ọlọ rí mọ èyí. Bí ojú ọlọ bá rí ṣákiṣàki, ọmọ ọlọ á máa fà mọ́ ọn. Bí ó bá ti dán nítorí lílò, á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ tuntun mìíràn fi máa ń le lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tí yóò sì rọ̀ bí a ti ń ṣí i tí a ń pa á dé.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í sábà rí. Ẹ wo ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń ki èékánná bọ̀ lára irin ọ̀bẹ. Bí ihò yìí bá jìnnà sí ìṣó tí irin ń yí lé lórí, ọ̀bẹ á rọrùn láti ṣí. Bí ó bá súnmọ́ ọn jù, èékánná ló máa jìyà. Ẹ dìde nísinsìnyí, ẹ fi ìka kan ti ilẹ̀kùn yàrá yín lẹ́bàá ibi tí a fi ìdè ilẹ̀kùn sí, kí ẹ sì tún tì í lẹ́bàá ibi tí a ti ń dì í mú. Ilẹ̀kùn kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n agbára tí ó gbà kò dọ́gba rárá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọ̀bẹ.

Àwọn ọ̀bẹ ìgbà tiwa yìí, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo ṣí, púpọ̀ nínú wọn kò ní sípíríǹgì ẹ̀yìn. Síkúrù ni wọ́n fi so irin ọ̀bẹ mọ́ èkù, wọ́n sì fi wásà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ irin náà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, kí irin má baà máa ha èkù. Òmíràn jẹ́ ike, òmíràn jẹ́ idẹ tí a lù tẹ́ẹ́rẹ́ bí owó oníhò àtijọ́. Idẹ dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí, nítorí irin máa ń yọ̀ lórí idẹ ju bí ó ti ń yọ̀ lórí irin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn oníṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ fi bọ́ọ̀lù irin wínníwínní sí i, irú èyí tó wà nínú họ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ti wọ́ dúrọ́ọ̀mù omi nílẹ̀ rí, tó sì ti yí i rí, kò nílò àlàyé lórí ìdí tí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ fi máa ń fò ṣí bí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí a ti mọ̀ ọ́n, kì í fara da iyanrìn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú eruku yóò gbádùn wásà idẹ jù ú lọ.

Ìdààmú tó wà nínú síkúrù ni pé bí a bá dè é jù, wásà á fún irin mọ́ra, ọ̀bẹ á le. Bí a bá sì dẹ̀ ẹ́ jù, irin á máa mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣe é fi ọkàn tán nígbà tí a bá ń gé nǹkan líle. Ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Gúúsù Áfíríkà, Chris Reeve, tó kó lọ sí ìlú Boise ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1989, rí ọgbọ́n dá sí èyí. Ó fi páìpù kékeré kan wọ síkúrù náà, ó sì gbẹ́ gígùn páìpù náà kí ó fi díẹ̀ ṣínún ju ìnípọn irin ọ̀bẹ àti wásà méjèèjì lọ. Èkù ọ̀bẹ á fi ara ti páìpù, síkúrù á dè gírígírí, síbẹ̀ irin ọ̀bẹ á rí àyè yí láàárín. Àyè náà kéré débi pé irin kò lè mì, ó sì tó débi pé kò lè há. Sebenza ni ó pe ọ̀bẹ náà, ọ̀rọ̀ èdè Súlú tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ṣíṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yín tún kù o. A ti rí àwọn tó ń dẹ síkúrù kí ọ̀bẹ lè máa fò jáde bí wọ́n bá kàn ju ọwọ́ lásán. Nínú irú ọ̀bẹ wọ̀nyí, bọ́ọ̀lù irin kékeré kan wà lára irin pẹlẹbẹ inú èkù, ó sì máa ń bọ́ sínú ihò kan lára irin ọ̀bẹ nígbà tó bá padé. Òun ló ń dì í mú kí ó má baà ṣí nínú àpò. Agbára díẹ̀ tí àtàǹpàkò ń lò kí ọ̀bẹ tó ṣí, òun ni a fi ń yọ bọ́ọ̀lù náà kúrò nínú ihò rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ba ìdìmú yẹn jẹ́ kí ọ̀bẹ lè yá láti ṣí, ojú ọ̀bẹ tó ṣí sílẹ̀ ni yóò máa gbé sínú ṣòkòtò. Ẹ kò ní fẹ́ ki ọwọ́ bọ irú àpò bẹ́ẹ̀.

Ti ọ̀bẹ elékùu igi tún yàtọ̀. Ní agbègbè Savoie, nínú àwọn òkè ilẹ̀ Faransé, Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ àpò kan ní ọdún 1890, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ọ̀bẹ àwọn àgbẹ̀ àti darandaran ni, kò sì ní sípíríǹgì kankan: irin kan, ìṣó kan, àti igi tí wọ́n là ní àárín. Ní ọdún 1955 ni wọ́n fi òrùka irin kan kún un, èyí tí a ń yí láti ti ọ̀bẹ pa kí ó má baà padé mọ́ ìka. Nínú ọ̀bẹ yìí, igi ló ń di irin mú. Bí igi bá gbẹ, ọ̀bẹ á ṣí wẹ́rẹ́. Bí omi bá wọ igi, igi á wú, á fún irin mọ́ra, èékánná á sì di aláìlágbára. Àwọn ará Savoie ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń dá sí i: wọ́n á kan èkù rẹ̀ mọ́ ohun líle, ṣónṣó irin á sì yọ jáde tó ohun tí ìka lè mú. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀, ẹ má ṣe rì í sínú abọ́ omi pẹ̀lú àwo ọbẹ̀. Bí ó bá sì le lásìkò òjò, ẹ má bínú sí i. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kì í ṣe orí iná tàbí inú oòrùn gangan, nítorí igi lè sán.

Ó wá ku ọ̀bẹ bàbá. Ọ̀bẹ onísípíríǹgì ni, èkù rẹ̀ jẹ́ igi dúdú, ìpáàrà sì ti jẹ orúkọ ẹni tó ṣe é. Nígbà tí a tan iná sí inú rẹ̀, a rí i pé ihò tí irin ń sùn sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Òwú àpò wà níbẹ̀, eruku wà níbẹ̀, nǹkan dúdú kan tó ń lẹ̀ bí oje igi sì wà ní ìdí ìṣó. A bi ìyá ọmọ náà pé kí ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ yìí ṣe. Ó ní ọsàn ni bàbá máa ń fi bó, ọ̀pẹ òyìnbó nígbà mìíràn, wọ́n á sì nù ún mọ́ aṣọ, ó parí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, ó ní òun fúnra òun ti kán epo pupa sí i. Nígbà tí ìyẹn kò ràn án, òun tún kán òróró sí i.

A rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tó ba ọ̀bẹ náà jẹ́ gan-an nìyẹn. Omi ọsàn ní ṣúgà nínú, ó sì kan. Ṣúgà rẹ̀ máa ń gbẹ di àtè, kíkan rẹ̀ sì máa ń mú kí irin tètè dípẹtà. Ní ti epo pupa àti òróró, epo jíjẹ ni wọ́n. Bí wọ́n bá pẹ́ lójú atẹ́gùn, wọ́n á ki, wọ́n á sì máa lẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò òróró tí a kò nù fún oṣù mẹ́ta. Epo pupa tilẹ̀ máa ń dì lásìkò ọyẹ́. Ní ọjọ́ tí a kán an sí ọ̀bẹ, ọ̀bẹ á ṣí dáadáa, a ó rò pé a ti rí oògùn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ yóò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí eruku ti rí ohun tí yóò lẹ̀ mọ́.

Ohun tí a ṣe nìyí. A kò fi agbára ṣí i. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Níta gbangba, jìnnà sí sítóòfù, a kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí ìdí ìṣó àti sí ìpẹ̀kun sípíríǹgì, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí àtè náà lè rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, a fi aṣọ nínípọn wé ẹ̀yìn irin ọ̀bẹ, a di èkù mú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìjẹ́ kí ìka kankan dábùú ojú ihò náà, a sì fà á díẹ̀díẹ̀. Ó ṣí. A fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wa ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde, a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbo ìdí ìṣó, a sì nù ún. Lẹ́yìn náà a kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí i, ẹ̀kán kan péré, a ṣí i a sì pa á dé ní ìgbà 20. Omi dúdú ló ń jáde. A nù ún, a tún kán ẹ̀kán kan, a tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà kẹrin, epo tó jáde mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀kán kan ni a wí o. Epo tó bá pọ̀ jù á kàn máa kó eruku jọ ni. Ẹ sì rí i pé ẹ fi ọṣẹ àti aṣọ tútù nu ojú ọ̀bẹ dáadáa kí ẹ tó fi kan ohun jíjẹ, nítorí kẹrosíìnì àti epo ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kó wọ ẹnu. Bí ọ̀bẹ yín bá jẹ́ èyí tí èkù rẹ̀ jẹ́ ike, bíi pupa ilẹ̀ Switzerland yẹn, kò sí ìdí fún kẹrosíìnì rárá: ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ ṣí i kí ẹ pa á dé nínú omi náà lẹ́ẹ̀mélòó kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó kán epo sí i. Bí ó bá jẹ́ onísíkúrù ló le, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ná. Bí kò bá rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dẹ síkúrù náà díẹ̀díẹ̀, ìdá mẹ́rin yíyí kan ti tó, kí ẹ sì mi irin wò bóyá ó ti ń ṣe jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Ìṣó tí wọ́n lù pa kò ṣe é dẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi hámà kàn án nílé. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ irin.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, a dá ọ̀bẹ náà padà. Bàbá ọmọ ló gbà á lọ́wọ́ wa. Ó ki èékánná bọ̀ ọ́, ó ṣí i, ó dún "kà!" Ó pa á dé, ó tún ṣí i, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ohùn tí òun máa ń gbọ́ láti inú yàrá bàbá òun lálaalẹ́ nìyẹn, kí bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn fún àwọn ọmọ. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò tó ṣì wà nínú báńdéèjì. Ó wo ọ̀bẹ, ó wò wá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè gbìyànjú ẹ̀ wò?" A ní kí ó bi bàbá rẹ̀.